Ihò Mẹ́wàá Háàmóníkà: Ta Ni Ìyìn Tọ́ Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń fi háàmóníkà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ ohun tí mo ń wí: ohun èlò orin kékeré tí kò ju bí íǹsì mẹ́rin lọ ní gígùn, tí a ń fi sáàárín ètè fọn, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè ní máòtù-ọ́gàn. Bí ọ̀rọ̀ orin bá délẹ̀ láàárín àwọn tí ó kàwé, àwọn kan a ní ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ a sì dìde láti gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbèjà náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn a ní lóòótọ́ ohun ìṣeré ni, títí di ìgbà tí Larry Adler, ọmọ Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé e wọ àwọn gbọ̀ngàn ńlá London àti New York, tí àwọn ọ̀gá nínú àwọn tí ń kọ orin sílẹ̀ sì kọ orin fún un. Ohun tí èyí já sí ni pé ẹnikẹ́ni tí kò bá tọ ọ̀nà Adler, eré ọmọdé ni ó ń ṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a tú ohun èlò náà wò. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ, a ó rí pákó pẹlẹbẹ kan tí a gbẹ́ ihò mẹ́wàá sí lára, àti awo idẹ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ahọ́n idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni a kàn mọ́ awo kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n wọ̀nyí ni ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Àwọn ti òkè a máa dún nígbà tí a bá fẹ́ èémí jáde. Àwọn ti ìsàlẹ̀ a máa dún nígbà tí a bá fa èémí sínú. Fèrè wa, ìwo wa àti kàkàkí, èémí tí ń jáde nìkan ni wọ́n mọ̀, bí ẹni tí ń fọn wọ́n kò bá sì mọ ọgbọ́n àtifi afẹ́fẹ́ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní láti dákẹ́ kí ó tó mí. Háàmóníkà kò rí bẹ́ẹ̀. Mímí sínú, mímí síta, orin ni méjèèjì. Àkọ́díọ̀nù tí I. K. Dáìró fi mú orin jùjú tàn káàkiri, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá ní 1963, ọmọ ìyá háàmóníkà ni. Ahọ́n irú kan náà ni ó wà nínú rẹ̀, àyàfi pé ọwọ́ ni ó ń tì í tí ó ń fà á, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ d, r, m, f, s, l, t dáadáa. Òun ni n ó fi ṣe àlàyé tí ó kàn, kí ẹ sì fi ara balẹ̀ bá mi kà á, nítorí pé gbogbo ẹjọ́ mi, orí rẹ̀ ni ó dúró lé. Bí a bá fẹ́ èémí sí ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ohun tí a ó gbọ́ ni d, m, s, d, m, s, d, m, s, d. Bí a bá fa èémí láti inú wọn, ohun tí a ó gbọ́ ni r, s, t, r, f, l, t, r, f, l. Ẹ wò ó dáadáa. Ní àárín, ohùn méjèèje pé. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, f kò sí, l kò sí. Lókè pátápátá, t kò sí. Ohun èlò tí ó lábùkù ni a ń wò yìí, ẹni tí ó ṣe é sì mọ̀ pé ó lábùkù.

Ta ni ó ṣe é? Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé ọmọ Jámánì kan, Christian Friedrich Ludwig Buschmann, ni ó ṣe àkọ́kọ́ ní Berlin ní 1821, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìtàn tí ó dùn létí ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti yẹ ìwé wò fínnífínní kò fi gbogbo ara gbà á. Ọgbọ́n ahọ́n tí ń gbọ̀n yìí ti wà ní ilẹ̀ Ṣáínà láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ohun èlò tí wọ́n ń pè ní sheng. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọ̀rúndún kejìdínlógún parí, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti ń fi irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ dán oríṣìíríṣìí nǹkan wò. Kratzenstein fi í ṣe ẹ̀rọ tí ń pe àwọn ìró fáwẹ̀lì ní nǹkan bí 1780. Ní 1824 ìjọba fún Anton Reinlein ní ìwé àṣẹ ní Vienna fún àtúnṣe tí ó ṣe sí irú háàmóníkà kan ní ìlànà ti Ṣáínà. A kì í sì í ṣe àtúnṣe sí ohun tí kò tí ì sí. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ṣe háàmóníkà, ní ọ̀pọ̀ ìlú, láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bàbá kan ṣoṣo fún un ń wá ohun tí kò sọnù. Ètò d, m, s tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, orúkọ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richter, ará Bohemia, ni a fi ń pè é.

Ẹni tí ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ni Matthias Hohner, aláago kan ní Trossingen, ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù Jámánì. Àwọn ará ìlú rẹ̀ mìíràn ti ń ṣe háàmóníkà ṣáájú rẹ̀. Ní 1857, ọdún tí òun náà bẹ̀rẹ̀, 650 péré ni ó ṣe. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, iye tí ń jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún ti kọjá mílíọ̀nù kan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1896 wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní Marine Band jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí n ó dárúkọ fi ṣe iṣẹ́ wọn. Mo yin Hohner, ṣùgbọ́n ìyìn oníṣòwò ni mo yìn ín. Ó ṣe ohun tí ó dára, ó sì tà á ní owó tí tálákà lè san.

Kò yẹ kí a gàn ẹni tí ó ṣe ètò d, m, s náà. Orin ijó àti orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Jámánì ni ó ní lọ́kàn. Ìlànà àkọ́kọ́ tí a fi fọn háàmóníkà nìyí: a fi ẹnu bo ihò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, a fi ahọ́n dí mẹ́ta nínú wọn, èyí tí ó kù lápá ọ̀tún a máa kọ orin náà. Bí ahọ́n bá ti ń kúrò tí ó sì ń padà, àwọn ihò mẹ́ta náà a máa gbè é lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń jó. Nítorí ègbè yìí ni wọ́n ṣe fi f àti l sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá ṣe pé wọ́n wà níbẹ̀ ni, ègbè náà ì bá dàrú. Ọgbọ́n ńlá ni: ènìyàn kan, ohun èlò kan, ó sì ń lé, ó ń gbè. Irú mìíràn tún wà tí ahọ́n méjì ń dún pọ̀ fún ohùn kan, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìkan fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, kí ohùn náà lè máa mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Ó dùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn èyí a máa sú mi.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, n ò bá gbà pé ohun ìṣeré ni. Ṣùgbọ́n háàmóníkà dé ọwọ́ àwọn adúláwọ̀ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú tí a dá sílẹ̀ ní 1865. Orin tí ó wà lọ́kàn wọn kì í ṣe èyí tí ó wà lọ́kàn àwọn ará Trossingen. Wọ́n mú ohun èlò tí a ṣe kí d jẹ́ ilé fún un, wọ́n sì kó ilé náà lọ sí orí s. Èémí tí a ń fà sínú ni wọ́n gbé orin kà, kì í ṣe èyí tí a ń fẹ́ jáde. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. S tí a fà ní ihò kejì di d tuntun. T tí ó wà ní ihò kẹta di m. R tí ó wà ní ihò kẹrin di s. F tí ó wà ní ihò karùn-ún ńkọ́? Ó di ta, ohùn tí olùkọ́ akọrin máa ń wí fún wa pé ó jẹ́ t tí a rẹ̀ sílẹ̀. Ta yìí gan-an ni orin blues ń wá, ó sì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní Trossingen pète rẹ̀.

Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni títẹ ohùn. Mo ti sọ pé ahọ́n méjì ni ó ń gbé inú ihò kan. Bí ẹni tí ń fọn bá ń fa èémí, tí ó sì yí inú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ padà, ohùn ahọ́n tí ó ga a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, èkejì tí ó rẹlẹ̀ jù ú lọ a bá a gbọ̀n, ohùn náà a sì máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì. Ní ihò kẹta, níbi tí àyè ti gbà jù, ó lè sọ̀ ní ìgbésẹ̀ kékeré mẹ́ta. Ó sì lè dúró sí ibi tí ó bá wù ú láàárín wọn. Níbẹ̀ ni àwọn olórin blues ti rí m wọn, èyí tí kì í ṣe m tí kì í sì í ṣe ma, tí ó wà láàárín bí ẹni tí ẹkún gbà lẹ́nu. Kò sí ahọ́n kan tí a rọ fún ohùn yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ní láti fi ọ̀fun ara rẹ̀ ṣe é.

Ẹni tí ó mọ dùndún yóò ti lóye ohun tí mo ń wí. Kò sí d, r, m tí a gbẹ́ sára ìyá ìlù. Ọṣán ni onílù ń fún tí ohùn fi ń gòkè tí ó ń sọ̀. N kò wí pé láti Ọ̀yọ́ ni ọgbọ́n yìí ti bá ọkọ̀ ẹrú lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, mo sì ti rí i tí ó ba àròkọ púpọ̀ jẹ́. Ohun tí mo ń wí kò ju pé etí tí dùndún ti kọ́ kò ní pe ohùn tí ń yọ́ ní àṣìṣe, bí àwọn tí dùùrù nìkan kọ́ ti máa ń pè é.

Nínú gbogbo àwọn tí ó tọ ọ̀nà yìí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀. DeFord Bailey ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1899 ní Smith County ní Tennessee. Bàbá bàbá rẹ̀, tí ó ti ṣe ẹrú rí, mọ fáólìnì ta dáadáa, orin kò sì ṣàjèjì sí ilé wọn. Nígbà tí DeFord di ọmọ ọdún mẹ́ta, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú, ó sì wà lórí ibùsùn fún nǹkan bí ọdún kan. Háàmóníkà ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Bí ó ti ń dùbúlẹ̀ ni ó ń gbọ́ ajá ọdẹ, adìẹ, afẹ́fẹ́, àti ọkọ̀ ojú irin tí ń kọjá, ohun gbogbo tí ó gbọ́ ni ó sì ń wá sínú ihò mẹ́wàá náà. Ó dàgbà tán, kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Ní 1926 ó ti ń fọn háàmóníkà lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì WSM ní Nashville, nínú ètò alaalẹ́ Sátidé kan. Ní oṣù Kejìlá 1927 ètò yìí tẹ̀ lé ètò mìíràn tí ó wá láti ọ̀dọ̀ Walter Damrosch, níbi tí wọ́n ti fi ẹgbẹ́ onídùùrù àti onífáólìnì ńlá ṣe orin kan tí ń ṣàpèjúwe ọkọ̀ ojú irin. Bí ìyẹn ti parí, Bailey ni ó kọ́kọ́ wọlé, ó dá nìkan fọn ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Olóòtú ètò náà, George D. Hay, wá fi awàdà sọ pé àwọn olùgbọ́ ti gbọ́ orin àwọn ẹni ńlá tán, ó ku ti àwọn ará oko, ó sì pe ètò tirẹ̀ ní Grand Ole Opry. Orúkọ náà mọ́ ọn lórí títí di òní. Ní 1928, nínú ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, Bailey fara hàn ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò sí ẹlòmíràn tí ó súnmọ́ ọn.

Orin tí ó fọn lálẹ́ ọjọ́ náà ni "Pan American Blues." Ó ti fọn ọ́n sínú àwo ní New York ní oṣù Kẹrin 1927, nítorí náà a lè gbọ́ ọ lónìí. Orúkọ ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré láti Cincinnati lọ sí New Orleans ni. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ tí ó wúwo ti ń ṣí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yá, fèrè ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí rẹ̀, ohùn tí a tẹ̀ tí ń yọ́ lọ bí ìgbà tí ọkọ̀ ń jìnnà sí ni. Àwọn tí ó gbọ́ a máa ní, "Ó mú un jọ gan-an!" Ìyìn tí ó rọrùn jù nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ takò. Bí ó bá jẹ́ pé àfarawé nìkan ni, a ní ohun tí ó dára jù ú lọ. Ní 1933 ilé-iṣẹ́ WSM yìí kan náà gbé makirofóònù kan lọ sí ẹ̀bá ojú irin, wọ́n sì ń gbé ohùn Pan-American gan-an sáfẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń kọjá. Ó jọ ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ni. Ta ni ń wá àwo rẹ̀ kiri lónìí?

Ohun tí Bailey ṣe yàtọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti ké. Bailey mọ̀ ọ́n. Fèrè ọkọ̀ rẹ̀ a máa bọ́ sí ibi tí ẹni tí ń kọrin ì bá ti gbé ẹsẹ̀ orin sókè, a sì máa dákẹ́ ní ibi tí ègbè ì bá ti dáhùn. Ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ní ìtẹnumọ́ tí ènìyàn lè jó sí, kì í sì í já nígbà tí fèrè bá ń ké, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni ó ń ṣe méjèèjì. Àwọn mìíràn ti fi háàmóníkà ṣe ọkọ̀ ojú irin sínú àwo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀; Henry Whitter, òyìnbó ará Virginia, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, n kò sì sọ pé adúláwọ̀ nìkan ni ó ni eré náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, ẹ ó rí i pé ọ̀kan ń sọ ìtàn ọkọ̀, èkejì ń gun un.

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni ó dọ́gba o. "Old Hen Cackle," tí ó fi ṣe adìẹ tí ń ké, ẹ̀rín ni ó ń pa mí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Evening Prayer Blues" ni ó yẹ kí àwọn tí ń pè é ní aláfarawé lọ gbọ́. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí ajá, kò sí adìẹ. Ó lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí orin ìjọsìn, ohùn kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó lọ. Bill Monroe, àgbà nínú àwọn olórin òyìnbó Nashville, kò lè gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó fi mandolin gbé e sínú àwo.

Ní 1941 wọ́n lé Bailey kúrò. Ní ọdún náà àwọn ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ń bá ẹgbẹ́ ASCAP, tí ń gba owó ẹ̀tọ́ lórí orin, jà, wọn kò sì gbà kí a fọn orin tí ó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ náà mọ́. Àwọn orin tí a mọ Bailey mọ́ wà lára wọn. Wọ́n ní kí ó kọ́ òmíràn. Ó ń fọn àwọn tí ó ti ń fọn. Hay kọ ìwé kékeré kan ní 1945, ó sì sọ níbẹ̀ pé ọ̀lẹ ni, pé orin bíi méjìlá péré ni ó mọ̀, tí kò sì fẹ́ kọ́ sí i. Kò ṣàì mẹ́nu kan àwọ̀ ara rẹ̀ bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sí apá kan ná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń rùn jù, kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ lórí iṣẹ́ ọ̀nà. Ṣé iye orin tí ènìyàn mọ̀ ni a fi ń wọn ọgbọ́n rẹ̀? Ta ni ó ti pe oníìjálá ní ọ̀lẹ rí nítorí pé oríkì erin kan náà ni ó tún ń sun ní ọdún yìí? A mọ̀ pé kì í ṣe ìjálá kan náà ni. Ó fi èyí kún un, ó yọ tọ̀hún, ohùn rẹ̀ ti dàgbà. Ẹni tí ó gbà pé orin tuntun ni gbogbo iṣẹ́ olórin, ọjà ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bailey fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ohun tí ń bẹ nínú orin méjìlá pẹ̀lú ohun èlò tí kò pé. Wọ́n fi ọ̀lẹ san án fún un. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Nashville níbi tí ó ti ń dán bàtà fún àwọn ènìyàn. Ó kú ní 1982. Ní 2005, ọdún kẹtàlélógún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá àwọn olórin country.

N kò ní í pẹ́ lórí àwọn tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ti gba ìyìn dé ìwọ̀n. Sonny Terry, afọ́jú tí a bí ní Georgia ní 1911, a máa fi ohùn ara rẹ̀ bọ́ sáàárín ohùn háàmóníkà, igbe kúkurú tí ó ga fíofío, tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi ní mọ ibi tí idẹ parí sí tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ó bá lọ sí Carnegie Hall ní New York ní oṣù Kejìlá 1938. John Lee Williamson, tí wọ́n ń pè ní Sonny Boy, ni ó kọ́ gbogbo Chicago bí a ti ń lé tí a sì ń gbè: ó kọrin tán, háàmóníkà dáhùn kí èémí tó tán lẹ́nu rẹ̀. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1937. Wọ́n pa á lójú pópó ní 1948. Ọkùnrin mìíràn, Rice Miller, mú orúkọ Sonny Boy Williamson yìí kan náà, ó sì ń fọn háàmóníkà lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ní Helena ní Arkansas láti 1941, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà láyé. Olè orúkọ ni, ẹ má jẹ́ kí a fi bò; ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, olè yìí ni etí mi fẹ́ jù. Ó mọ bí a ti ń fi ohùn sílẹ̀ láìfọn ọ́n.

Mo wá kàn án dé oṣù Karùn-ún 1952. Ní oṣù náà, ní New York, Larry Adler fọn orin tí Vaughan Williams, àgbà olórin Gẹ̀ẹ́sì, kọ fún háàmóníkà, fáólìnì àti dùùrù. Kì í ṣe háàmóníkà oníhò mẹ́wàá ni Adler ń lò. Irú tirẹ̀ ní bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń tẹ̀, tí ó sì ń ṣí ọ̀nà sí ahọ́n mìíràn tí ó fi ìgbésẹ̀ kékeré kan ga ju ti àkọ́kọ́; ohùn gbogbo pé síbẹ̀, kò sí èyí tí ó kù. Adler fọn ọ́n bí ẹni tí a bí i mọ́, orin náà sì lẹ́wà. Ní oṣù yẹn kan náà, ní Chicago, Marion Walter Jacobs, ọmọ Louisiana tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Little Walter, tí kò tí ì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Muddy Waters, ó sì fọn "Juke." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo háàmóníkà àti makirofóònù pa pọ̀, ó so makirofóònù náà mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti gìtá, ohùn tí ó jáde kò jọ ti háàmóníkà mọ́, ó nípọn, ó ní iyanrìn nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti sasofóònù. Gbólóhùn kúkurú kan tí ń gòkè ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó tún un sọ, ó tún un sọ, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni àwo náà fi wà ní ipò kìíní nínú àwo orin tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń rà.

Àwọn olùgbèjà tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè yóò fi tọwọ́tẹsẹ̀ mú iṣẹ́ ti New York. N kò bá wọn jà lórí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ohun tí háàmóníkà nìkan lè ṣe. Orin Vaughan Williams yẹn, mo lè fi ọkàn ro ó lórí ohun èlò mìíràn, kí ó sì pàdánù díẹ̀ péré. "Juke" kò ṣe é gbé kúrò níbi tí ó wà. Inú àbùkù ohun èlò náà ni a ti hun ún. Ohùn tí ó dùn jù nínú rẹ̀ ni àwọn ahọ́n tí kò sí níbẹ̀. Adler gba háàmóníkà tí a ti tún ṣe kí ó lè bá fáólìnì jókòó. Walter àti Bailey gba èyí tí ó wà nínú àpótí ọjà, wọ́n sì fi èémí wá ohun tí oníṣẹ́ kò fi síbẹ̀.

Bí a bá ní kí n yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ńkọ́? Walter ní ẹgbẹ́ tí ó lágbára lẹ́yìn rẹ̀, ó ní iná mànàmáná. Bailey kò ní ẹnikẹ́ni. Bailey ni n ó mú, ẹni tí kò bá sì gbà kí ó kọ̀wé sí olóòtú.

Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ "Pan American Blues" lẹ́ẹ̀mejì ná. Ní àkọ́kọ́, kí ó gbọ́ ọkọ̀ ojú irin. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe kí ó má gbọ́ ọ. Ní ẹ̀kejì, kí ó gbàgbé ọkọ̀, kí ó máa wá ibi tí Bailey ti ń mí. Ní orin tí a gbé karí èémí tí a ń fà sínú, ẹ̀dọ̀fóró a máa tètè kún, ẹni tí ń fọn sì ní láti wá ibi tí yóò ti tú afẹ́fẹ́ náà dànù kí ó má baà gbẹ̀mí mì. Èmi ti wá ibẹ̀ tì lẹ́ẹ̀mélòó kan kí n tó rí i. Ìró èéfín tí ń tú jáde láti orí ọkọ̀ náà, fúù, fúù, láàárín ẹsẹ̀ orin kan àti èkejì, níbẹ̀ ni.